Ìjánu Iná Wọ Ilé Ooru

Lọ́sàn-án Sátidé kan, létí adágún kan nítòsí ìlú Tampere, Reijo àti Aulis, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jókòó síhòòhò lórí àga òkè nínú ilé ooru, yàrá tí àwọn ará ibẹ̀ ti máa ń jókòó làágùn, òógùn ń ṣàn lára wọn bí òrùlé tó ń jò. Katakata Aulis ń kùn níta, ó ń yí ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀. Wáyà gba ojú fèrèsé wọlé láti ara ẹ̀rọ náà wá sára nǹkan dúdú kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Reijo ló ṣe é, ìjánu iná ló sì ń pè é. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ máa pinnu bóyá wọ́n á gbà á, tàbí wọ́n á padà sí ti àtijọ́ tó tóbi tó odidi búrẹ́dì. Yàrá tí wọ́n fi ń dán nǹkan wò nínú ooru ti bàjẹ́ níbi iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí Reijo fi gbé e wá dán wò níbí, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀ rárá.

"Kí ló tilẹ̀ ń ṣe gan-an?" Aulis bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, iná á fẹ́ pọ̀ jù. Òun ló ń dì í mú kó má ba bátìrì jẹ́. Bí ooru bá wá mú gan-an, ó gbọ́dọ̀ dín iná kù fúnra rẹ̀."

"Kí ló dé tí kò lè fara dà á bí ọkùnrin?"

"Bó bá fara dà á bí ọkùnrin, á jóná bí ọkùnrin."

"Kí lo wá ṣe é kéré báyìí sí?"

"Kó lè wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni. Àmọ́ bó ṣe kéré yẹn náà ló ń jẹ́ kó tètè gbóná. Ẹ wo yàrá kékeré tí èèyàn kún inú rẹ̀."

Aulis wo ikùn ara rẹ̀, ó wo Reijo, ó wo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Ó yé mi," ló wí. Ó bu omi ìgbákọ kan, ó dà á sórí òkúta gbígbóná tó wà lórí ààrò. Òkúta ké ṣììì. Reijo fò sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o!"

"Ṣé omi máa ba nǹkan rẹ jẹ́ ni?"

"Rárá, mo ti fi oje líle bò ó, omi ò lè wọ inú rẹ̀."

"Kí lo wá ń ké sí?"

"Èmi ni mi ò fi oje bò!"

Aulis rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀kùn rèé bí o bá fẹ́ jáde. Mi ò ní sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

Irọ́ gbuu. Lọ́dún tó kọjá tí Reijo ṣáájú Aulis sá jáde nínú ooru, kí kọfí ọjọ́ Àìkú tó tutù, àlùfáà pàápàá ti gbọ́.

"Mi ò lọ síbì kankan," ni Reijo dáhùn. Ó nu gíláàsì ojú rẹ̀ tí ooru ti bò, ó tẹjú mọ́ òṣùwọ̀n iná tó wà létí fèrèsé. "Fóòtì mẹ́rìnlá àti díẹ̀."

"Ṣó dáa?"

"Kò dáa! Ó yẹ kó ti máa wálẹ̀. Ooru yìí ti tó fi se ẹja."

"Á jẹ́ pé ó lágbára nìyẹn. Ọmọ akọ! Mo fẹ́ràn rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, bí kò bá wálẹ̀, mo gbé. Gbogbo làálàá mi wọgbó nìyẹn. Ẹ da omi sí i."

"Ìwọ tó ń ké lẹ́ẹ̀kan?"

"Ẹ ṣáà dà á!"

Aulis dà á. Ooru bò wọ́n, etí Reijo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ò mira. Omijé bọ́ lójú Reijo; nínú òógùn yẹn, ta ló máa mọ̀? Ó nawọ́ sókè sí ìṣó tó gbé ìjánu rẹ̀ kọ́. Ìṣó nìkan ló bá níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo ló wà?"

"Ó wà lórí àga ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn ọmọdé ń jókòó sí. Mo gbé e síbẹ̀ nígbà tí o lọ tan katakata."

"Kí ló dé?"

"Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú ilé ooru nìyí o! Ta ló ń gbé àlejò lọ sí àga òkè lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Mo tẹ́ aṣọ fún un."

Reijo bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ bà á. "Aṣọ yìí tutù!"

"Mo rẹ ẹ́ sínú omi adágún ni. Àlejò mà ni."

Reijo di orí mú. Ó já ìjánu rẹ̀ gbà kúrò nínú aṣọ, ó gbé e padà sórí ìṣó lábẹ́ àjà. Aulis ranjú mọ́ ọn.

"Ó dáa. Ó ti wá bá àgbà jókòó. A ó rí ẹni tó máa kọ́kọ́ yẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ìdíje."

"Nínú ilé ooru yìí? Ìdíje ni." Ó tún da omi, ìgbákọ lórí ìgbákọ.

Wọ́n dúró. Wọ́n ń mí bí ajá tó sáré. Lójijì Reijo lọgun.

"Ó ń wálẹ̀! Mẹ́tàlá àti díẹ̀! Ẹ̀gbọ́n, ó ń wálẹ̀!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó níhòòhò lórí àga, orí rẹ̀ gbá àjà, kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, ó sì padà jókòó.

"Mo borí rẹ̀!" ni Aulis pariwo.

"Ẹ ò borí ẹnikẹ́ni. Ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ni. Ó rí i pé ooru ti pọ̀ jù, ó dẹwọ́, kò sì jóná. Ọjọ́ Ajé á dùn!"

"A lè jáde nìyẹn, àbí?" Ojú Aulis ti pọ́n bí edé tí wọ́n sè.

"A lè jáde."

Kò sẹ́ni tó dìde.

"Máa lọ, ìwọ lo níṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe."

"Ẹ̀yin làgbà, ẹ ṣíwájú."

"Kí n ṣíwájú, kí o lè lọ ròyìn fún ìyàwó mi?"

"Èmi náà ò lè ṣíwájú. Wọn ò tíì fi ti ọdún tó kọjá sílẹ̀ lẹ́nu."

Wọ́n ṣì jókòó síbẹ̀. Lókè àjà, ìjánu iná ń dín iná rẹ̀ kù wọ́ọ́rọ́wọ́, kò bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà.

"Reijo," ohùn Aulis ti di wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "ṣé o lè ṣe irú nǹkan yìí fún orí èèyàn?"

"Kékeré báyìí?"

Aulis wo ara rẹ̀, ó wo Reijo, ó wo ilẹ̀kùn.

"Fún orí tiwa yìí? Rárá o. Èyí tó tó búrẹ́dì yẹn ni kí o gbé wá."