Láníyonu Sá fún Ìkòkò Ọbẹ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ibi gbogbo là ń dáná alẹ́, ọbẹ̀ ló dùn ju ọbẹ̀ lọ? Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ìbínú ló bí òwe yẹn.

Káfíńtà kan wà ní Òkèhò tó ń jẹ́ Láníyonu. Ikùn rẹ̀ yọ síwájú débi pé kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó figbe ta.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ti ru jù! Ẹ yé jẹun tí oòrùn bá ti wọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó ṣubú lọ́jọ́ kan, ẹ ò sì ní dìde."

Ẹ̀rù bà á. Ó búra lójú Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ pé òun ò tún ní fẹnu kan oúnjẹ alẹ́ mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, Àwẹ̀ró gúnyán fún àwọn ọmọ. Kó tó yíjú padà, ọkọ rẹ̀ ti lá abọ́ ọmọ mọ́. Ta ló wá ń bínú? Òun náà ni!

"Ìwọ lo fẹ́ pa mí! Mo ń lọ síbi tí wọn ò ti ní fọbẹ̀ dán mi wò!"

"Ṣé ọbẹ̀ ló fò sí yín lẹ́nu ni?"

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ ní Ìsẹ́yìn. Inú ẹ̀gbọ́n dùn, ó pa àkùkọ. Láníyonu ní òun kì í jẹun alẹ́ mọ́.

"Èmi tí mo pọ̀n ọ́ dàgbà, oúnjẹ mi lò ń kọ̀?"

Ó jẹ ẹ́. Itan méjèèjì ló jẹ, ó tún fi ìbínú fọ́ egungun. Láàárọ̀, ó kọjá sí Ìgànná, lọ́dọ̀ Gbélékalẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, opó ọkùnrin tí kò mọ omi í sè. Ó ní ebi ni yóò bá àwọn gbé níbẹ̀. Àṣé àwọn aládùúgbò ti gbọ́ pé àlejò dé. Ẹ̀bà ń bọ̀ láti ọ̀tún, ìrẹsì láti òsì, ìyá àgbà kan sì gbé àdàlú wá. Láníyonu jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó nu ẹnu, ó wá jágbe mọ́ wọn: "Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́?"

Abọ́ òfìfo ni ìyá àgbà fi lé e jáde.

Ó sá wọ oko, ó dé ahéré ọdẹ kan. Òyà ń hó lórí iná níbẹ̀ náà! Inú bí i, ó ta ìkòkò nípàá. Ọbẹ̀ gbígbóná bó o lẹ́sẹ̀, ajá ọdẹ gbá tọ̀ ọ́. Ikùn ńlá yẹn ló ń sáré nínú igbó, títí ó fi rí ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé e délé.

Àánú rẹ̀ ṣe Àwẹ̀ró. Ó fi òrí pa á lẹ́sẹ̀, ó sì gbé iyán síwájú rẹ̀. Ó wá rọra bi í pé, "Bàbá Rónkẹ́, ṣé ẹ rí ìlú tí wọn kì í dáná alẹ́?"

Láníyonu bú jáde: "Kò sí! Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń dá a, ọbẹ̀ tiwọn ló kàn dùn ju tìẹ lọ!"



Àwẹ̀ró gbé iyán, ó gbé ọbẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ọjọ́ yẹn ni Láníyonu kọ́kọ́ mú ìbúra rẹ̀ ṣẹ. Inú obìnrin náà ò sì rọ̀ bọ̀rọ̀, alaalẹ́ ló ń ti ilẹ̀kùn náà, títí ikùn ọkọ rẹ̀ fi wọlé, tí nọ́ọ̀sì sì ń yìn ín pé ó ní sùúrù.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń bínú kúrò nílé nítorí oúnjẹ, ẹ rántí pé ibi gbogbo là ń dáná alẹ́, ọbẹ̀ ló dùn ju ọbẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ apá kejì yẹn létí ìyàwó yín.