Ọlálérè Gbé Ìrẹsì Lé Ohùn Olóògbé

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Ọlọ́jà wa lánàá kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kì í sì í ṣe ẹjọ́ ìyàwó. Ẹjọ́ ìrẹsì ni. Ìrẹsì ọ̀hún kò sì sí nínú ìkòkò o, orí ẹ̀rọ tó ń kọrin ni wọ́n ti bá a.

Màmá Oyèmọ́lá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló pe ẹjọ́. Ó gbé àwo orin kan mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Olúgbénga ọkọ rẹ̀ ló dá orin nínú àwo náà nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn lọ gba ohùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ọdún kejì ìgbéyàwó wọn. Ọkùnrin náà ti kú, ó di ọdún mẹ́sàn-án. Yàtọ̀ sí àwo yìí, kò síbi tí ènìyàn ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ láyé.

"Kábíyèsí," ni màmá wí, "Oyèmọ́lá ọmọ mi ra ẹ̀rọ àwo fún mi. Ó wá ku káátíríjì, ohun bíńtín tí wọ́n ń kì bọ orí apá ẹ̀rọ, tí abẹ́rẹ́ ń gbé inú rẹ̀. N kò mọ èyí tí mo lè rà. Ọlálérè ní òun mọ̀."

"Ta ló sọ pé ó mọ̀?"

"Òun náà ni, Kábíyèsí."

"Ó dáa. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọlálérè, dìde."

Ọlálérè dìde. Òun ni ó ń tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn nìkan náà ló sì mọ̀ láyé. Ó wọ awò ojú dúdú wọ ààfin, bí ẹni pé oòrùn ń ràn nínú ilé. Màmá wò ó láti òkè délẹ̀, ó pòṣé.

"Káátíríjì méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù tí a lọ ní àdúgbò Adébáyọ̀," ni Ọlálérè wí. "Ọ̀kan fúyẹ́, wọ́n ní ti inú ilé ni. Èkejì wúwo, àwọn díjéè ló ń lò ó. Mo mú èyí tó wúwo."

"Nítorí kí ni?"

"Kábíyèsí, ọmọ Èkìtì ni mí. Ṣé iyán fúyẹ́fúyẹ́ ni a máa ń jẹ yó?"

"Ṣé iyán lo fẹ́ gún lórí àwo ni?" ni Olóyè Adéjọbí bi í.

Àwọn ìjòyè bú sẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín.

"Nígbà tó dì í mọ́ ẹ̀rọ tán," ni màmá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "abẹ́rẹ́ ń fò. Ó ní kò tíì wúwo tó. Ló bá wọ ilé ìdáná mi lọ."

"Lọ ṣe kí ni?"

"Lọ bu ìrẹsì, Kábíyèsí," ni Ọlálérè fèsì, ó ń gbéra ga. "Ìwé tó bá káátíríjì wá sọ pé gíráàmù mẹ́rin ni kó fi tẹ àwo. N kò ní òṣùwọ̀n. Mo ka ọgọ́jọ wóró ìrẹsì, ogójì fún gíráàmù kan, mo dì í sínú àkísà, mo so ó mọ́ orí apá ẹ̀rọ."

"Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?"

"Orí ara mi ni."

"Ó hàn. Irú ìrẹsì wo?"

"Ìrẹsì ìbílẹ̀ wa ni, Kábíyèsí."

Kábíyèsí tẹjú mọ́ ọn. "Ṣé o ṣa òkúta inú rẹ̀?"

Ọmọ ọdún márùn-ún ní Èkìtì mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kan ìrẹsì ìbílẹ̀ láìkọ́kọ́ ṣà á.

"N kò ní kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́!" ni Ọlálérè wí. "Ṣé abẹ́rẹ́ ní eyín tí òkúta yóò kán ni? Bí òkúta bá wà níbẹ̀, ẹ bi ẹni tó tà á."

Wọ́n pe Kúdírát, ará Ìsẹ́yìn tó ń ta ìrẹsì ní Adébáyọ̀.

"Mo fi Ọlọ́run búra, Kábíyèsí, òkúta kankan kò sí nínú ìrẹsì mi."

"Níbo lo ń sá a sí?"

"Etí títì ni."

"Ìwọ náà ń jẹ nínú rẹ̀?"

"Háà, rárá o! Eyín méjì ló ti bá a lọ."

Wọ́n pe Tọ́pẹ́, ọ̀rẹ́ Ọlálérè, tó wà ní pálọ̀ màmá lọ́jọ́ náà.

"Orin náà dùn, Kábíyèsí. Ó dùn mọ́ mi gan-an."

"Báwo ló ṣe ń dún?"

"Bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ ìkòkò."

"Ìyẹn ló dùn?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni, Kábíyèsí."

Màmá kò lè gbà á mọ́ra mọ́. "Ibi tí Olúgbénga ti ní, 'Mú mi délé kí ilẹ̀ tó ṣú,' ibẹ̀ gan-an ni abẹ́rẹ́ ti ń kọ ebè! Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógún ló dán an wò. Mo ní, Ọlálérè, ó tó. Ó ní kí n ní sùúrù. Ọkọ mi kú lẹ́ẹ̀kan, Kábíyèsí. Ọmọ yìí tún un pa lójú mi." Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Màmá ti fi owó ara rẹ̀ ra káátíríjì tó fúyẹ́, ó sì gbé ẹ̀rọ àti ìdì ìrẹsì náà wá. Kábíyèsí ní kí wọ́n tàn án. Ohùn ọkùnrin kan jáde, ohùn ìsàlẹ̀ tó tutù. Àwọn ìjòyè ṣí fìlà. Ó dé ibi tó bàjẹ́: kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ fò ó kọjá.

Láti ibi tí Ọlálérè dúró sí ni ìlà tó sọnù ti jáde, geere, bí olóògbé ṣe ń kọ ọ́. Ọlálérè fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

"Níbo lo ti kọ́ ìyẹn?" ni Kábíyèsí bi í.

"Kábíyèsí, ẹni tó bá gbọ́ nǹkan lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógún..."

"Ó tó! A ti rí ẹrù olè lọ́wọ́ olè. Ohùn tó ha kúrò lára àwo, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló bá lọ. Ọlálérè, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wàá lọ sí ilé màmá, wàá kúnlẹ̀ ti ẹ̀rọ, wàá pa ẹnu dé. Bí abẹ́rẹ́ bá dé ibẹ̀, wàá ṣí i, wàá kọ ìlà kan yẹn, wàá pa á dé padà. Kí ẹnu rẹ má baà fò kọjá ibi tí a rán an, ẹ so ìdì ìrẹsì yẹn mọ́ ọn létí, tòkúta-tòkúta."

"Kábíyèsí, títí di ìgbà wo?"

"Títí àwo yóò fi jinná."

Wọ́n so ó mọ́ ọn létí lójú ẹsẹ̀, wọ́n tún orin bẹ̀rẹ̀. Màmá di ojú. Abẹ́rẹ́ dé ibẹ̀, Ọlálérè ṣí ẹnu, ó kọ ọ́, ó sì kọ ọ́ dáadáa, ojú màmá ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àṣé ẹni tó mọ̀-ọ́n-tán kì í gbọ́n. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ìparí, ó gbọn ohùn, ó fi dárà.

Màmá la ojú.

"Olúgbénga kò kọ ọ́ báyẹn," ni ó wí. "Kábíyèsí, ó ṣì ń fò. Ẹ bá mi fi òkúta kan kún un."