Ọ̀já Tí Mo Tú Ní Stafford

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan lórí tábìlì." Ohun tí Àmínátù, ọmọ mi obìnrin, kọ sójú Wasáàpù ẹbí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn, nígbà tó ń pè wá síbi àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ tó ń bọ̀. Àwa mẹ́tàdínlógún la wà níbẹ̀. Èmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, torí gbogbo wọn ló mọ ẹni tó ń bá wí. Ó yá, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, kí wọ́n má baà máa fi iyọ̀ sí i fún mi.

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí ayé. Sátidé kan ni, ní ọdún méjì sẹ́yìn, nínú gbọ̀ngàn kan ní Stafford, lẹ́bàá Houston. Amọ̀ ni Àmínátù fi ń ṣiṣẹ́ ọnà. Ó tún máa ń fi aṣọ, okùn àti irin kún un. Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kó ṣe, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, oníṣẹ́ ọnà mẹ́fà fẹ́ dúró ti iṣẹ́ wọn, kí wọ́n sọ ibi tí èrò rẹ̀ ti wá àti bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹni tó bá yege máa lo ààrò ìsunkòkò gbọ̀ngàn náà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan. Àmínátù kò ní ààrò. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Clear Lake ló máa ń kó ìkòkò lọ fún sísun, àwọn mìíràn á sì ti fọ́ kó tó dé ibẹ̀. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tó.

Èmi àti Àlàájà Sídíkà, ẹ̀gbọ́n mi ní mọ́ṣáláṣí, jọ dé ní wákàtí kan ṣáájú àkókò, torí mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ ilẹ̀kùn tí a máa gbà jáde bí iná bá sọ. Àmínátù ti lọ kí ìrun Àìlá. Lórí tábìlì rẹ̀, ìkòkò kan tó ga tó apá mi ló dúró, àpáàdì ni wọ́n tò pọ̀ tó fi di ìkòkò. Mo ti fẹ́ kọjá kí n tó rí ohun tí wọ́n fi dì í yípo.

Ọ̀já mi! Ọ̀já aláwọ̀ ewé tí mo fi pọn Àmínátù, tí mo kó wá láti Ìbàdàn, tí mo ti ń wá nínú gbogbo àpótí ilé fún oṣù mẹ́ta gbáko! Amọ̀ ti gan mọ́ ọn lára. Ta ló ń gbé ọ̀já ọmọ síta fún àjèjì báyẹn? Ṣebí ńṣe la máa ń tọ́jú rẹ̀ títí ọmọ náà yóò fi bí tirẹ̀.

"Àlàájà, ẹ bá mi wo ohun tọ́mọ yìí ṣe!"

"Ìyá Àmínátù, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dé ná."

"Kó dé ṣe kí ni? Mo kàn fẹ́ fi omi ṣan án ni, n óò dá a padà."

Mo tú kókó rẹ̀. Kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí wáyà. Àṣé ọ̀já yẹn nìkan ló di ìkòkò náà mú! Àpáàdì àkọ́kọ́ bọ́ lé mi lẹ́sẹ̀, àwọn tó kù ya tẹ̀ lé e.

Àlàájà káwọ́ lérí. "Ṣé ẹ wá wo iṣẹ́ ni, àbí ẹ wá fọṣọ?"

Inú bí mi sí i. Ta ló ń to àpáàdì láì fi nǹkan lẹ̀ ẹ́? Mo ti ọ̀já bọ báàgì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to àpáàdì sórí tábìlì, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè. Mọ́kànlélógójì ni, mo kà á. Bí mo ṣe ń to èyí tó gbẹ̀yìn, obìnrin òyìnbó kan tó mú ìwé lọ́wọ́ dúró tì mí.

"Ó mà dára o. Kí ló mú yín ṣe é?"

"Ìbínú ni."

Ó mi orí pé ó yé òun, ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Báwo ló ṣe pẹ́ tó kí ẹ tó ṣe é tán?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ó kọ ìyẹn náà. Mi ò mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ni!

Àmínátù dé. Ó wo tábìlì, ó wò mí. "Mọ́mì, ọ̀já dà?"

"Ìwọ ló yẹ kí n bi! Ta ló ní kí o mú un?"

"Tí mo bá bi yín, ṣé ẹ máa fún mi?"

"Rárá o!"

"Ẹ ò rí i."

Mo yọ ọ̀já nínú báàgì fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un tò, tó tún fi ọ̀já dì í, kò dúró. Àpáàdì ìsàlẹ̀ méjì ti rún. Nígbà tó kàn án, ó dúró ti òkìtì náà, ó ní, "Iṣẹ́ méjì ni màmá mi ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹ̀yìn wọn ni mo wà tí mo fi mọ Houston. Mo fẹ́ ṣe ohun tí ọ̀já wọn nìkan gbé dúró. Ó sì dúró, títí di agogo méjì ọ̀sán yìí."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Inú ń bí èmi. Ṣé kò yẹ kí n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn nílé, kí n tó wá gbọ́ ọ láàárín àjèjì?

Ẹlòmíràn ló gba ààrò. Obìnrin adájọ́ yẹn ní àlàyé méjì tí kò bára mu lòun gbọ́ lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Nínú ọkọ̀, Àmínátù dédé bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ìbínú? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá?" Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mo ń fi ọkọ̀ gbé ìkòkò rẹ̀ lọ sí Clear Lake, bùláńkẹ́ẹ̀tì lábẹ́, bùláńkẹ́ẹ̀tì lókè, wọ́ọ́rọ́wọ́, kí àwọn tó wà lẹ́yìn mi máa fun fèrè wọn lọ.

Mo ti kọ́gbọ́n: bí o kò bá mọ ohun tí okùn kan gbé dúró, má tú u. Síbẹ̀, mi ò gbà pé èmi nìkan ni mo jẹ̀bi. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ọmọ yín kí ẹ tó fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ìyá yín kí ẹ tó ṣí àpótí rẹ̀.