Ìfági Ṣódípẹ̀ àti Ilẹ̀kùn Ìyá Ìyàwó

Ẹ sún mọ́ mi. Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé, bó ti wù kí ìfági dùn tó, igi ló ń tán? Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n, n kò sì ní fi falẹ̀.

Káfíńtà kan wà ní apá Ọdẹ̀dá, Ṣódípẹ̀ lorúkọ rẹ̀. Ìbídùn, ọmọ ìyá elélùbọ́, ló ń fẹ́. Ìyá Ìbídùn wá pè é, ó ní, "Ṣódípẹ̀, ewúrẹ́ kò jẹ́ kí n rímú mí. Inú yàrá ni wọ́n ń wọlé wá jẹ èlùbọ́ mi. Lọ́jọ́ tí o bá kan ilẹ̀kùn sí i tí wọn kò wọlé mọ́, lọ́jọ́ náà ni wàá mú ọmọ mi lọ."

Ṣódípẹ̀ kò ní ìfági tó máa fi fá pákó. Ògbólógbòó kan ló rí lẹ́yìnkùlé ọ̀gá káfíńtà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n fi ń dènà ilé adìyẹ. Ìpẹtà bo irin rẹ̀, ìgbẹ́ adìyẹ bo ìpẹtà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣé wàá sè é ni, àbí wàá sin ín?"

Ṣódípẹ̀ tọrọ rẹ̀, ó gbé e lọ sílé. Ó rẹ irin náà sínú kẹrosíìnì fún ọjọ́ mẹ́ta, ó fi yanrìn bó o, ó pọ́n ọn lórí òkúta títí tó fi lè fá irun apá, ó sì gbẹ́ èèkù tuntun sí i. Ká sọ òótọ́, iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni! Nígbà tó kọ́kọ́ fi kan igi, ó dún "fììì", èérún tó jáde sì fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú ọkùnrin náà.

Àárọ̀ ọjọ́ ọjà ló kan ilẹ̀kùn náà tán. Ó kù kó gbé e lọ. Àmọ́ ẹ mọ ìlú wa: ta ló ń kọjá lára ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò ní kí i?

"Káfíńtà, o kú iṣẹ́ o!"

"Ẹ wo nǹkan!" Ṣódípẹ̀ bá fá ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan. Fììì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹlòmíràn kí i. Fììì. Láìpẹ́, kò fẹnu jẹ́ "òo" mọ́, ìfági ló fi ń jẹ́ ẹ. Bí àwọn obìnrin ṣe rí i pé èérún náà ń gbaná ju ògùṣọ̀ lọ, gbogbo wọn bá rántí pé àwọn kò tíì kí káfíńtà. Wọ́n gbé agbọ̀n dání wá. Ẹni tó ti kí i láàárọ̀ tún padà: "Ṣódípẹ̀, o kú iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì o!" Ìyá ìbejì kan ní, "Táíwò, kí wọn. Kẹ́hìndé, kí tìrẹ lọ́tọ̀." Fììì, fììì.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó gbé ilẹ̀kùn lé orí, ó rí i pé ó fúyẹ́. Ó ní, "Iṣẹ́ rere kì í kúkú wúwo."

Ó dé ibẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé ilẹ̀kùn sí ẹnu yàrá. Ewúrẹ́ kan gba apá ọ̀tún wọlé. Òbúkọ gba apá òsì. Wọn kò tilẹ̀ fara kan ilẹ̀kùn.

Ìyá Ìbídùn lanu. "Ṣódípẹ̀, kí lèyí?"

"Màámi, ẹ fọwọ́ pa á ná. Ṣé ẹ rí ẹ̀gún kankan?"

Ìyá fọwọ́ pa á. "Ẹ̀gún kò sí. Ilẹ̀kùn náà kò sí. Ọmọ mi ṣì ń dúró de ìyókù."

Ìbídùn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ṣódípẹ̀ lọ kan òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, tí ẹnikẹ́ni bá ti kí i, á kọ́kọ́ fi ìdí jókòó lé ìfági, kó tó fẹnu dáhùn. Ilẹ̀kùn náà sé pa, ewúrẹ́ dúró síta, Ìbídùn di ìyàwó káfíńtà. Ìyá rẹ̀ sì ń fi ọkọ ọmọ yangàn káàkiri Ọdẹ̀dá. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti fẹ́ yin Ṣódípẹ̀ níṣojú rẹ̀, ìyá á ti ká a lẹ́nu kò: "Ẹ rọra yìn ín o! Bó ti wù kí ìfági dùn tó, igi ló ń tán."