Ìlà Méjì Lára Ọ̀gá

Bó bá ṣe pé ìgbéraga ń mú èèyàn sanra, Ojú-Inú-Ẹ̀jẹ̀ kò ní lè gba ẹnu ọ̀nà ilé àyẹ̀wò rẹ̀ wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ yẹn. Ó kọ ọ́ sára ògiri, ó kọ ọ́ sí àpò ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó tún fẹ́ kọ ọ́ sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì awakọ̀ rẹ̀ kí onítọ̀hún tó sá lọ.

Ike àyẹ̀wò pẹlẹbẹ kan ló gbé e gẹṣin. Kán ẹ̀jẹ̀ sí i: bó bá fa ìlà kan, o bọ́, bó bá fa méjì, aràn wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ. Ní àdúgbò etí odò yẹn, méjì ló ń fà ṣáá. Oògùn aràn ọ̀hún kò sì sí níbòmíràn àfi nínú kọ́bọ́ọ̀dù Ọ̀gá, bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè é.

Obìnrin tó ń bá a fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ìgbẹ́, Ìyá Awò, wọlé tọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan.

"Ọ̀gá, mo wo ìgbẹ́ ogójì èèyàn tí ẹ ní wọ́n láràn ẹ̀dọ̀. Mi ò rí ẹyin aràn náà, kódà ẹyọ kan. Àtọ̀sí ajá, aràn tó ń mú ọmọdé tọ ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n kó nínú odò ní kékeré ni ike yín ń rí. Mọ̀lẹ́bí ni aràn méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti bá ọ̀kan jà rí, ike yẹn á ní èkejì ni."

"Ọwọ́ tó ti pẹ́ nínú ìgbẹ́, kí ló mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀?"

À bá fi rẹ́rìn-ín, bí kì í bá ṣe ti alásè ilé ìwé. Tirẹ̀ fa ìlà méjì. Ọ̀gá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ìwé èsì lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná lọ́wọ́ obìnrin náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo tọ ẹ̀jẹ̀ rí ní kékeré, odò ni mo ti kó o. Bóyá òun ni."

"Ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́," Ọ̀gá ní, "àfi ẹni tó ni ín."

Kò pẹ́ tó fi fẹ́ máa yẹ gbogbo ọmọ ilé ìwé náà wò. Wọ́n pe àwọn òbí jọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe ń mí, Ìyá Awò dìde.

"Ọ̀gá wa, àwọn ọmọ ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Ẹ fi tiyín ṣáájú."

"Ẹ̀jẹ̀ tèmi? Omi ìsun ni!" Ó gún ìka, ó kán an sí i. Ọ̀gá ilé ìwé gbé ike náà sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i.

Ìlà kan jáde. Ọ̀gá ń tẹrí ba bí ọkọ ìyàwó. Ni èkejì bá rọra yọjú, ó pupa, ó gùn gbọọrọ.

"Méjì ni!" ọmọ kan kígbe.

Ọ̀gá na ìka sí ike náà. "Irọ́ ni! Àtọ̀sí ajá ló ṣe mí ní kékeré! Ta ni kò mọ̀ pé ike yìí kò mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì?"

Ọ̀gá ilé ìwé gbé ike náà sílẹ̀.

"Èmi ò mọ̀," ọ̀gá ilé ìwé dáhùn. "Ìgbà wo lẹ̀yin ti mọ̀?"

Ọ̀gá ilé ìwé yọ kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná nínú báàgì, ó rìn lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún alásè tó dúró síbẹ̀. "Ẹ má bínú, ìyá." Alásè gbà á. Omijé ló ń nù.

Ariwo wá sọ. Òbí kan kígbe: "Oògùn tó fi mí sórí ìdùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́?"

Ìyá Awò gbé ike kékeré oníderí kan lé Ọ̀gá lọ́wọ́. "Ẹ má jẹ́ ká jiyàn sà. Ẹ lọ yàgbẹ́ díẹ̀ sí i, kí n bá yín wò ó."

Òpin àgbàlá lọ́hùn-ún ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Àwọn òbí lanà fún un, wọ́n sì dúró síbẹ̀, wọ́n ń retí.