Bátìrì Tí Kì Í Darúgbó

Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akúnmádìn bá ń bọ̀, òkìkí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, ikùn á tẹ̀lé e, òun alára á wá dé nígbẹ̀yìn. Ọba ìṣirò! Ọkọ bátìrì! Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ lórúkọ.

Iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ bátìrì kan gbé fún un kò ju kó ṣírò bí bátìrì lítíọ́mù ńláńlá, irú èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú iná pamọ́, ṣe ń gbó sí i. Bátìrì kúkú ń darúgbó bí èèyàn: bó ti ń gba iná tó sì ń tú u jáde, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń dínkù. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá ya ìlà ìṣirò rẹ̀, ńṣe ni ìlà náà ń dorí kodò. Inú á bí i. Kí ni ìlà ti òun ń wá nísàlẹ̀?

Ló bá dá ọgbọ́n. Lóṣooṣù, á wọn ohun tó ṣẹ́ kù nínú bátìrì, á sì pe ìyẹn ní ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ohun tó ṣẹ́ kù nínú ohun tó ṣẹ́ kù, ọgọ́rùn-ún náà ni. Ìlà wá nà gbọnrangandan.

"Olówó orí mi," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "tí mo bá mu ìdajì omi inú ife, ṣé ife yẹn ṣì kún?"

"Ó kún dé ìdajì. Kíkún ni kíkún ń jẹ́! Kí lo mọ̀ nípa ìṣirò?"

Ilé ìwòsàn fẹ́ ra irú bátìrì náà fún yàrá ìgbẹ̀bí. Bí wọ́n bá rà á, Ọ̀jọ̀gbọ́n di ọ̀gá àgbà. Bí bátìrì bá sì já wọn kulẹ̀, inú òkùnkùn làwọn aláboyún yóò bímọ sí. Ti àkọ́kọ́ yẹn nìkan ló ń dùn mọ́ ọn nínú.

Lálẹ́ ọjọ́ ìfihàn, bátìrì ọlọ́dún mẹ́rin kan ló ń gbé gbogbo iná gbọ̀ngàn. Ó ní kí wọ́n ṣe àga kan tí bátìrì náà yóò fi gbé òun dé àjà, kí gbogbo ayé lè wo òun lókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn bi í, "mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló kù nínú bátìrì yìí?"

"Ọgọ́rùn-ún! Mátírọ́ọ̀nù, erin kì í rù kó wá di ehoro!"

Ó tẹ bọ́tìnnì. Àga gbéra. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó kọjá fèrèsé, ó ń juwọ́. Àfi pẹ́ú! Iná kú, fáànù dúró, gbohùngbohùn dákẹ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti Ọ̀jọ̀gbọ́n ò tilẹ̀ dé àjà.

"Ẹ gbé mi sọ̀ o!"

"Sọ̀ kẹ̀?" ni Mátírọ́ọ̀nù wí. "Ibi tẹ́ ẹ bá dúró sí ni òkè, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ ṣe ń ṣírò?"

Ẹ̀rín sọ. Wọ́n gbé àkàbà wá, Mátírọ́ọ̀nù dì í mú, kò fi ti àga.

"Mélòó ló kù?"

"Ọgọ́... ọgọ́rin!"

"Ẹ̀mí méjì-méjì ni mò ń tọ́jú, sà. Mélòó?"

Àga mì jìgìjìgì.

"Ogójì! Kò tilẹ̀ pé ogójì! Ó ti gbó, ẹ ṣàánú mi!"

Kò lo gbohùngbohùn, síbẹ̀ àwọn tó wà lójú títì gbọ́ ọ. Mátírọ́ọ̀nù wá fi àkàbà ti àga.

"Ẹ ṣeun, sà. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíì la ti máa rà á."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ̀yìn sáwọn èèyàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ táràrà wá àkàbà nínú òkùnkùn.