Aláàánú Fẹ́ Pa Ewé Omi

Ẹkún ni Aláàánú ń sun wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ta ló kú? Ẹnikẹ́ni ò tíì kú. Òun gan-an ló fẹ́ lọ pa wọ́n!

Ilé àyẹ̀wò omi ló ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan tó ń ṣe ọṣẹ gbé sílíkéètì wá, kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ ọṣẹ ìfọṣọ. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè pa ewé omi, àwọn nǹkan tíntínní tó ń mú kí odò ní àwọ̀ ewé. Ìgò mẹ́fà ni wọ́n bu ewé omi sí. Mẹ́ta á mu kẹ́míkà, mẹ́ta á mu omi lásán, ká lè fi wọ́n wéra.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Aláàánú ti ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin ti tẹ lẹ́tà tó fi máa lé e lẹ́nu iṣẹ́ sílẹ̀. Déètì nìkan ló kù.

Tó! Tó! Tó! Ó kán kẹ́míkà sínú ìgò mẹ́ta.

"Ẹ má bínú sí mi," ló sọ fún àwọn ìgò. "Iṣẹ́ ni. Èmi náà níyàwó nílé."

Àánú wọn ò jẹ́ kó gbádùn. Ló bá gbé wọn sójú fèrèsé kí wọ́n rí oòrùn. Ló bá bu oúnjẹ ewé fún wọn ní ìlọ́po méjì.

"Ẹni tó máa kú, ṣé ebi ni kó tún pa á ni?"

Àwọn olómi lásán ńkọ́?

"Ẹ̀yin, kò sóhun tó ṣe yín jàre!" Ó tì wọ́n sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, nínú òkùnkùn biribiri. Kò tiẹ̀ rántí fún wọn lóúnjẹ.

Ọjọ́ kẹrin, ọ̀gá já wọlé, ó ń mu omi nínú ike.

Yéè! Ewé ojú fèrèsé ti kún ìgò bámúbámú. Ọ̀kan ń ti ìdérí sókè, ó ń wá ilé tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ti abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ gaara bí omi òjò.

"Èwo lo fún ní kẹ́míkà?"

"Àwọn tó sanra yìí, mà."

"Èwo ló mu omi lásán?"

"Àwọn olóògbé yẹn, mà."

Ọ̀gá wo ike ọwọ́ rẹ̀. Ó rọra gbé e sílẹ̀.



"Kí lo ṣe fún wọn?"

"Mà, àwọn tó fẹ́ kú ni mo kàn ń tọ́jú."

Ọ̀gá yọ lẹ́tà, ó kọ déètì sí i. "Oṣù kan péré ló kù fún ọ níbí."

"Yéè! Ìyàwó mi á pa mí o!" Aláàánú bú sẹ́kún.

Ọ̀gá náà kì í kúkú ṣe òkúta. Àánú ṣe é. Ó ní kí wọ́n gbé tábìlì Aláàánú sójú fèrèsé. Ó ní kí wọ́n máa bu oúnjẹ abọ́ méjì fún un lọ́sàn-án. "Ẹni tó ń lọ, ẹ jẹ́ ó yó." Ó wá kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tí tábìlì wọn wà nínú òkùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Aláàánú ti yọ. Bọ́tìnnì já lára ẹ̀wù rẹ̀, pó! Ó ń kọrin. Àwọn méjì tó kù ti gbẹ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń di ṣòkòtò mú.

Kó! Kó! Kó! Wọ́n kanlẹ̀kùn ọ̀gá.

"Kí ló dé?"

Àwọn méjèèjì wólẹ̀ gbalaja.

"Ẹ ṣàánú wa, mà. Ẹ lé àwa náà!"